Àkàyé La Mọ̀, Àgbọ́yé Ńkọ́?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Òṣogbo)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin òbí tó tẹ̀lé ọmọ wá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó kún gbọ̀ngàn yìí fọ́fọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ooru, ẹ sì kú àfaradà iná tí wọ́n mú lọ. Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ìlú wa ò ní í dàrú o.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Láti jẹ́léósinmi tí ẹ ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, ẹ̀ẹ̀melòó ni olùkọ́ gbé rédíò tàbí fóònù síwájú kíláàsì, tó ní kí ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá mú ìdáhùn láàárín A, B, C? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín. Ọwọ́ mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ṣeun.

Ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ wo WAEC. Àjọ kan náà ló ń ṣe ìdánwò fún Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáḿbíà àti Làìbéríà. Tó bá di ìwé kẹta nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Gánà, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà á tẹ́tí sí ohùn kí wọ́n tó dáhùn. Àwa àti ọmọ Làìbéríà ńkọ́? Ìwé ni wọ́n ń kó fún wa: ìbéèrè 60, ìṣẹ́jú 45. Ká wá ọ̀rọ̀ tí fáwẹ́lì rẹ̀ jọra, ká wá ibi tí ohùn ti tẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Test of Orals lorúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò la ẹnu, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́. Ti JAMB náà, ojú la fi ń ṣe é.

Àkàyé ni wọ́n kọ́ wa. Àgbọ́yé, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ wa bá sanwó gọbọi fún IELTS tàbí TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a pàdé. Òun ni mo bá wá síbí. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: ẹni tó ń ṣe ìdánwò àtijọ́ márùn-ún lójúmọ́, tó ń ṣírò máàkì, tó tún ń ṣí òmíràn, kò tíì máa múra. Omi àmàlà ló ń gbé kaná ṣáá, kò tíì da èlùbọ́ sí i. Ibi tí etí ti kùnà niṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kì í padà sí.

Ẹ mọ irú ìdánwò tó wà níwájú yín

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò àgbọ́yé ló rí bákan náà. Ẹ mú IELTS. Apá 4 ni, ìbéèrè 40, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Apá kìíní, ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ lórí nǹkan ojoojúmọ́, bí yàrá tí wọ́n fẹ́ gbà. Ìkejì, ẹnì kan ń ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, àwọn ènìyàn, ó lè tó mẹ́rin, ń jíròrò lórí ẹ̀kọ́ wọn. Ìkẹrin, olùkọ́ ń kọ́ kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni ohùn máa ń dún. Àmọ́ ìbéèrè wà níwájú rẹ kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fún ọ ní ìwọ̀nba àkókò láti kà á. Bí ìbéèrè ṣe tò lórí ìwé náà ni ìdáhùn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn nínú ohùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn: tó o bá ti gbọ́ ìdáhùn 14, má dúró de 13 mọ́, ó ti kọjá lọ.

Ẹ wá wo Ṣáínà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ibẹ̀ ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, CET, tó ti wà láti 1987. Ní ìpele kẹrin, ìbéèrè àgbọ́yé jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú 25: ìròyìn 3 fún ìbéèrè 7, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ 2 fún ìbéèrè 8, àyọkà 3 fún ìbéèrè 10. Ìdá 35 nínú 100 gbogbo máàkì ìdánwò náà ló wà níbẹ̀. Ohun tó burú ńbẹ̀ nìyí: ìbéèrè gan-an kò sí lórí ìwé! A, B, C, D nìkan lo máa rí. Ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí ni wọ́n tó máa bèèrè, lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, wọ́n ti kọ́ láti dá ìbéèrè mọ̀ láti ara ìdáhùn. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ orúkọ ibi, “níbo” ni wọ́n máa bèèrè. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi “because” bẹ̀rẹ̀, “kí ló fà á” ni. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ẹni tó ń ṣe IELTS náà, ẹ jí i lò.

Ti TOEFL, wàá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, ìbéèrè á tẹ̀lé e, wọ́n sì gbà ọ́ láyè kó o máa kọ nǹkan sílẹ̀ bó o ṣe ń gbọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀nà IELTS múra sílẹ̀ fún un, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í yá ní kíkọ.

Ohun kékeré kan tó máa ń mú ènìyàn: ẹni tó bá ń ṣe IELTS lórí ìwé, níbi tí ìyẹn bá ṣì wà, máa ń ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ohùn láti da ìdáhùn kọ sórí ìwé ìdáhùn. Ẹni tó bá ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú 2 péré ló ní, láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó o san owó rẹ̀ ni kó o fi kọ́ra.

“Wọ́n ń sáré sọ̀rọ̀ jù”

Gbólóhùn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń sọ. Ṣé òótọ́ ni?

Bí ìyá rẹ bá rán ọ lọ sọ́jà, ṣé “lọ ra ẹja wá” ló máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan? “Lọ rẹja wá” ni. “Wá ilé” ti di “wálé”. “Owó ilé” ti di “owóolé”. Kí ni olùkọ́ Yorùbá ń pe èyí ní SS? Mo ń gbọ́ yín... Ìpajẹ! Àti àrànmọ́! Ẹ ṣeun. Àlejò tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé, tó bá dé ọjà Ìgbọ́nà, òun náà á ní àwọn ará Òṣogbo ń sáré sọ̀rọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni ò sáré. Ìró la pa jẹ.

Ohun tí òyìnbó ń ṣe náà nìyẹn. “Going to” á di “gonna”. “Next day”, wọ́n á gbé “t” rẹ̀ mì. “A cup of tea”, “of” ibẹ̀ á di ìró kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ “cup” nídìí, bí ẹni pè “kọ́pà tí”. Ẹ bá mi pe “ó ń bọ̀”. Ẹ tún un pè, kí ẹ fọkàn sí ètè yín. Ètè ti pàdé kí ẹ tó kan “b”, àbí? “M” lẹ pè níbẹ̀, “n” kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ “ń” la kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “ten people” ṣe ń di “tem people” lẹ́nu wọn. Ẹnu tó ń pe “ń bọ̀” láti kékeré kò yẹ kí ẹnu yà á sí “tem people”.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Àbọ̀ ni ohùn inú ìdánwò ń fún ọ. Ìwọ lo máa sọ ọ́ di odidi.

Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀nà ti pín. Nínú Yorùbá, gbogbo sílébù ló ní ohùn tirẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fo ọ̀kankan, ìtumọ̀ á yí. Òyìnbó máa ń tẹ ẹ̀kan mọ́lẹ̀, á sì fò lórí ìyókù. Ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kó o máa gbá mú: orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, iye. Ẹ wo “thirty” àti “thirteen”. “Thirty” tẹ iwájú. “Thirteen” sábà máa ń tẹ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí orúkọ bá tẹ̀lé e, bí “thirteen students”, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè sún síwájú. Nígbà náà, “n” tó wà nídìí rẹ̀ ló kù tí wàá fi dá a mọ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà sì ni etí wa ti máa ń kùnà jù. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Bí a bá yá a, a ó fi fáwẹ́lì tì í nídìí: búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù, máàkì náà kò gbẹ́yìn. Etí wa wá máa ń ju ìdí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nù. “Price” àti “prize” á di ọ̀kan. “Leaf” àti “leave” á di ọ̀kan. “Walked” á pàdánù ìdí rẹ̀, ohun tí wọ́n ti ṣe lánàá á di ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Èyí tó léwu jù ni “can” àti “can't”. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, “t” ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Kí lo máa fi mọ̀ ọ́n? “Can” lásán, wọ́n máa ń gbé e mì ni, bí “kn”. “Can't” máa ń jáde ní kíkún. Tí fáwẹ́lì rẹ̀ bá dún ketekete, kó o kọ́kọ́ fura pé “kò lè” ni wọ́n ń sọ.

Ti “ship” àti “sheep”, “fan” àti “van”, ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ tó o. Mo mọ àwọn tó ń lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀. Nínú ìdánwò, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò ní í ṣàdédé mẹ́nu ba àgùntàn; ọ̀rọ̀ tó yí i ká á gbà ọ́.

Pàkúté inú A, B, C

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìgbọ́nà. O bèèrè iye tí wọ́n ń ta bàtà. Ìyá ní: “Náírà 3,000 ni. Ó dáa, mú 2,500 wá. Àbí méjì lo máa rà? Bó bá jẹ́ méjì, 4,500, kó o máa gbé e lọ.” Iye mẹ́ta ló wọ etí rẹ, ọkàn rẹ ò sì dàrú. Kí ló dé? O mọ ohun tó ò ń wá. Ẹni tó ń ra ẹyọ kan mú 2,500, ẹni tó ń ra méjì mú 4,500, ẹnikẹ́ni ò sì mú 3,000, torí ìyá ti gbé e kúrò nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orí àga ìyá yẹn gan-an ni ẹni tó kọ ìbéèrè ìdánwò jókòó sí. Gbogbo A, B àti C lo máa gbọ́. Ẹ gbọ́ èyí, mo máa kà á lẹ́ẹ̀kan:

“I was going to take the nine o'clock bus, but my brother was driving into town anyway, so I got a lift with him. I'd have walked if it hadn't been raining.”

Ìbéèrè: báwo ni ọkùnrin yìí ṣe dé ìgboro? A, ẹsẹ̀ ló fi rìn. B, bọ́ọ̀sì. C, mọ́tò.

Mo gbọ́ B púpọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn. Kò yà mí lẹ́nu. “Bus” dún gbangba, òun ló tún kọ́kọ́ wọlé. “Walked” náà dún. “Car” ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ rárá. Òun sì ni ìdáhùn! “Driving” àti “lift” ló gbé e pamọ́ sí. “Was going to” túmọ̀ sí pé ó fẹ́ ṣe é, kò ṣe é. “I'd have walked”, kò rìn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní “mo fẹ́ wá tẹ́lẹ̀...”, ṣé kò tíì yé ọ pé kò wá kó tó parí gbólóhùn? Irú etí bẹ́ẹ̀ ni kó o gbé wá sínú Gẹ̀ẹ́sì. “But”, “actually”, “in the end”, “unless”, “used to”: ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ inú ìdáhùn bá bá èyí tó o gbọ́ mu ní ṣangiliti, fura sí i. Mi ò ní kó o jù ú nù o. Nígbà mìíràn òun náà ni. Fura, kó o dúró gbọ́ gbólóhùn tó kàn.

Àwọn pàkúté mìíràn wà. Obìnrin á dábàá nǹkan, ọkùnrin á kọ̀ ọ́, wọ́n á wá bi ọ́ léèrè ohun tí ọkùnrin máa ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ti obìnrin. Tàbí kí ìdáhùn kan jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé nínú ọ̀rọ̀ náà, kó má sì jẹ́ ohun tí wọ́n bèèrè. Tàbí kí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ọdún tó kọjá, kí ìbéèrè jẹ́ ti ìsinsìnyí.

Kí lo máa ṣe kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀? Ìlà ni kó o fà sábẹ́ ìbéèrè, má fà á sábẹ́ gbogbo ìdáhùn, ìwé á dúdú, ojú á dàrú. Sọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹsẹ̀, bọ́ọ̀sì, mọ́tò. O lè kọ ọ́ ní Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa gba máàkì lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó dúró ní Ọláìyà, tó ń lọ sí Ìkìrun, àwọn kọ̀ńdọ́tọ̀ lè máa ké Gbọ̀ngán, Ẹdẹ, Iléṣà, Ìbàdàn mọ́ra wọn. “Ìkìrun” nìkan ló máa dá wọ etí rẹ̀. Ó mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ibùdókọ̀ ni.

Ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláró ìlú yìí. Aṣọ kì í wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kó dúdú. Wọ́n á rì í, wọ́n á fà á yọ, àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣe bíi ti ewé, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ kó yí sí búlúù, wọ́n á tún rì í. Ohùn ìṣẹ́jú 7 kan tó o rì léraléra sàn ju ohùn wákàtí mẹ́ta tó gba etí rẹ kọjá. Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Rírì kìíní: apá kan ṣoṣo, nǹkan bí ìṣẹ́jú 7. Bírò dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan, láìdá a dúró, bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bó ṣe wù kó dà ọ́ láàmú tó, má fọwọ́ kan fóònù.

Ìkejì: tún un gbọ́, bírò pupa. Yí ohun tó o bá fẹ́ yí padà, má pa dúdú rẹ́. Má tíì wo ìdáhùn o! Bó o bá wá ṣírò nígbẹ̀yìn, máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì lo máa ní, ti dúdú àti ti pupa. Bí dúdú bá jẹ́ 5, tí pupa jẹ́ 9, etí rẹ dáa, ọkàn rẹ ni kì í dúró. Bí dúdú bá jẹ́ 5, tí pupa náà jẹ́ 5, ó jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ tàbí ìró wà níbẹ̀ tí o kò mọ̀, kò sì sí iye ìgbà tó o máa gbọ́ ọ tó máa yé ọ láìṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ìkẹta, ìṣẹ́jú 10: ṣí ìwé tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ohùn náà sí. Wá gbólóhùn tó gbé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan dání, títí kan èyí tó o gbà, torí o lè ti fi àfojúbù mú òmíràn nínú wọn. Èyí tó o kùnà, kọ lẹ́tà kan sí i nínú ìwé kékeré kan. E fún etí: o ò gbọ́ ọ. T fún ìtumọ̀: o gbọ́ ọ, o ò mọ ohun tó jẹ́. P fún pàkúté: o gbọ́, ó yé ọ, o sì kó sí i. S fún sísùn: ọkàn rẹ ti lọ sọ́dọ̀ oúnjẹ alẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kà wọ́n. Nínú IELTS, 23 nínú 40 máa ń jẹ́ bíi band 6, ìyẹn ìpele tí wọ́n fi ń ka máàkì. 30 á gbé ọ dé bíi 7. Ìbéèrè 7 péré ló wà láàárín wọn. Bí P bá tó mẹ́jọ nínú ìwé rẹ, kò sídìí tó o fi ń há ọ̀rọ̀ tuntun sórí. Ìkánjú lo ní kó o wò sàn.

Ìkẹrin, ìṣẹ́jú 10, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń sá fún: mú 20 ìṣẹ́jú-àáyá níbi tó ti fìyà jẹ ọ́ jù, kó o kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sílẹ̀. Dá a dúró bó o bá fẹ́, tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà. Níbí nìkan lo ti lè dín eré rẹ̀ kù sí 0.75, kó o sì dá a padà kó o tó ṣíwọ́. Wá fi wé ìwé. Àwọn wo ló máa sọnù? “Of”, “at”, “him”, “have”, àwọn tínńtín wọ̀nyẹn tí wọ́n pa jẹ. Etí tí kò gbọ́ yìnkìn, inú rẹ̀ kì í bàjẹ́, lóòótọ́, àmọ́ kì í gba máàkì náà.

Ìkarùn-ún, ìṣẹ́jú 5: bá ohùn náà sọ ọ́ pọ̀, ẹnu ní gbangba, bó ṣe gbé e mì ni kí ìwọ náà gbé e mì. Àwọn ará ilé lè rò pé orí rẹ ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Sátidé, odidi ìdánwò kan. Sọ́ńdè, ẹ sinmi.

Wá ìdánwò àpẹẹrẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìdánwò gan-an. Àwọn áàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí ìdáhùn inú wọn kò tọ́, wàá máa bá ara rẹ jà lórí ohun tó o gbà. Dáńlóòdù rẹ̀ nígbà tí dátà bá pọ̀, má máa gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nẹ́tíwọ̀kì á gé e láàárín gbólóhùn. Ẹni tó ń ṣe IELTS á gbọ́ ohùn ará Bírítéènì, ará Ọsirélíà, ará New Zealand, ará Amẹ́ríkà àti ará Kánádà. Má fi BBC nìkan bọ́ etí rẹ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, íyápíìsì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ máa gbé e sórí sípíkà nígbà mìíràn, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá yín dá sí i. Fíìmù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀? Ojú ló ń kàwé níbẹ̀, etí ti sùn. CNN tó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ nígbà tí ò ń fọ abọ́, abọ́ lò ń fọ̀. Àwọn tó ń ta “expo” lórí WhatsApp, mi ò ní í fi àkókò yín ṣòfò lórí wọn.

Ọjọ́ náà

Kò gbọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìbéèrè kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, fi àmì kan sí i, kó o bọ́ sórí èyí tó kàn. Ẹni tó ń sunkún 13 máa pàdánù 14 àti 15. Nígbà tí ohùn bá parí, mú ohun tó bá wù ọ́ sí i: IELTS kì í yọ máàkì fún àṣìmú, òfìfo sì ni òfìfo. Bí wọ́n bá ní kó o mú lẹ́tà méjì, má mú mẹ́ta, wàá pàdánù máàkì.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pín bọ̀ yìí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ títí mà á fi ní kẹ́ ẹ ṣí i. Ìbéèrè 5 ló wà níbẹ̀, ohùn náà kò pé ìṣẹ́jú 3. Ẹ fa bírò dúdú yín yọ, kí pupa wà nítòsí. Ẹ̀yin tó wà lójú fèrèsé, ẹ má tì í, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìwé. Ẹ ní 30 ìṣẹ́jú-àáyá láti ka ìbéèrè. Ẹ fa ìlà yín... Ó yá, mo ti tẹ̀ ẹ́.